Èmi Ni Mo Sọ Ẹ̀gbọ́n Mi Di Panápaná

Ó ti rẹ̀ mí. Kì í ṣe àárẹ̀ iṣẹ́, nítorí iṣẹ́ kò pa mí rí; àárẹ̀ ọ̀rọ̀ tí mo pa mọ́ sínú ni. Bí ẹ bá dé etí omi ní Èbúté Èrò lónìí, tí ẹ béèrè ẹ̀gbọ́n mi ní orúkọ tí bàbá wa sọ ọ́, ẹni tí ẹ bi yóò kọ́kọ́ ronú ná. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní Panápaná lẹ ń wá, kíákíá ni àwọn ọlọ́kọ̀ á ti rẹ́rìn-ín, wọn á sì nàka ibi tó wà fún yín. Àgbàlagbà ọkùnrin, ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta, tó ti ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe kí púpọ̀ nínú àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ tó mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Òun ni wọ́n ń fi orúkọ àwọn tó ń pa iná ilé tó ń jó pè, tí wọ́n á tún máa bi í pé ṣé omi wà nínú garawa rẹ̀ lónìí. Ó máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ń dùn mí jù, nítorí èmi àbúrò rẹ̀ ni mo sọ ọ́ lórúkọ náà, èmi àti òun nìkan la sì mọ̀.

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ agboolé kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni wá, èmi àti Bọ̀ọ̀dá Mùdá. Mùdàṣírù ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Òun ni àkọ́bí ìyá wa, èmi ni àbígbẹ̀yìn, ọdún méjìlá ló sì fi jù mí lọ. Iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni bàbá wa ṣe títí ó fi kú, ṣọ́ọ̀bù onípákó tó fi sílẹ̀ létí omi ní Èbúté Èrò ni Bọ̀ọ̀dá sì jókòó sí lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdébìnrin, tí mo ní mo fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà, bàbá wa ní obìnrin wo ni yóò fẹ́ kí gírísì máa rùn lára òun. Bọ̀ọ̀dá ni kò gbà. Ó máa ń dọ́gbọ́n pè mí lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, á fi sípánà lé mi lọ́wọ́, á ní kí n tú nọ́ọ̀tì kan kí n tún dè é padà, títí ọwọ́ mi fi mọ bó ṣe yẹ kó le tó. Òun náà ló mú mi lọ sílé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ nígbà tó rí i pé ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ni ọkàn mi fà sí. Lónìí, àwọn ṣọ́ọ̀bù tí mo ti bá de sólà àti ínfátà ní Ìdúmàgbò kò lóǹkà. Àǹtí Oníná ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀. Ẹ ò rí ayé bí? Àbúrò ń jẹ́ Oníná, ẹ̀gbọ́n ń jẹ́ Panápaná.

Iṣẹ́ tó kó bá wa yìí, ẹ̀gbọ́n mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ mú un wá fún mi. Lọ́yà kan tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń gbé ní Ìkòyí, ló ní ọkọ̀ onígbòkun kan tó fi ń gbafẹ́ lórí ọ̀sà. Atẹ́gùn ló máa ń gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n atẹ́gùn kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Bó bá dáwọ́ dúró, ẹ́ńjìnnì oní-dísẹ̀lì kékeré tó wà nínú ikùn ọkọ̀ ni yóò gbé olówó wálé. Ẹ́ńjìnnì yìí ni Bọ̀ọ̀dá ti ń tọ́jú fún un láti ọdún mẹ́rìndínlógún. Ìyàwó Lọ́yà ló wá fárígá. Ó ní èéfín dísẹ̀lì ń mú kí òun máa bì, pé òun ò ní í tẹ ẹsẹ̀ bọ inú ọkọ̀ náà mọ́ bí wọn kò bá yọ nǹkan burúkú yẹn kúrò. Ọkọ rẹ̀ ti gbọ́ pé àwọn kan lókè òkun ń yọ ẹ́ńjìnnì, wọ́n ń fi mọ́tọ̀ tó ń lo bátìrì rọ́pò rẹ̀, tí sólà á sì máa fún bátìrì lóúnjẹ. Ó pe Bọ̀ọ̀dá, ó bi í bóyá ó ṣeé ṣe. Mẹkáníìkì mìíràn ì bá ní kò ṣeé ṣe, kí oúnjẹ má baà bọ́ lẹ́nu òun. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n òun ní àbúrò kan tó mọ iná bí ẹni mọ owó.

Báyìí la ṣe gbé ọkọ̀ náà wá sí Èbúté Èrò, torí ibẹ̀ ni irinṣẹ́ Bọ̀ọ̀dá wà. A ní láti yọ òpó ìgbòkun rẹ̀, ká tẹ́ ẹ sórí ọkọ̀ gbalaja, kó tó lè gba abẹ́ afárá kọjá. Nígbà tó dé, àwọn ọlọ́kọ̀ èrò fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n dúró ń wò ó. Lọ́jọ́ tí a máa yọ ẹ́ńjìnnì, ẹ̀gbọ́n mi ti débẹ̀ ṣáájú mi. Mo bá a tó ń fi àkísà nù ún, ó nu gbogbo ara rẹ̀ títí ọ̀dà aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi kùn ún fi hàn. Mo bi í pé ṣé ó fẹ́ gbé e níyàwó ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ohun tó bá ti bọ́ni fún ọdún mẹ́rìndínlógún, a kì í fi ìdọ̀tí lé e jáde. Ọ̀rọ̀ yẹn kò wọ̀ mí lára nígbà náà. Ojú mi wà lára páálí bátìrì tuntun tí wọ́n tò sórí jẹ́tì, pèpéle tí ọkọ̀ ń so mọ́, inú mi sì ń dùn bí ọmọdé tó rí aṣọ iléyá.

Kí n má purọ́, iṣẹ́ náà kò ṣeé dá ṣe. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèǹgbè. Èmi ni mo mọ bí a ṣe ń so bátìrì mọ́ ara wọn, ibi tí wáyà pupa ń lọ àti ibi tí dúdú ń bọ̀. Ṣùgbọ́n irin gígùn kan wà tó ń yí abẹ̀bẹ̀ abẹ́ omi, òun ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ṣáàfù. Bí mọ́tọ̀ kò bá ṣe déédéé pẹ̀lú rẹ̀, gbígbọ̀n ni yóò máa gbọ̀n títí yóò fi ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Bọ̀ọ̀dá fi dùbúlẹ̀ nínú ikùn ọkọ̀, tó ń fi pákó pẹlẹbẹ gbé mọ́tọ̀ sókè díẹ̀, tó tún ń sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀. Kò fi nǹkan kan wọ̀n ọ́n. Àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló ń gbé lé ṣáàfù, á ní kí n máa fọwọ́ yí i, á dijú, á ní ó kù díẹ̀. Nígbà tó ní ó tó, mo fi ìwọ̀n tèmi yẹ̀ ẹ́ wò. Ó tó lóòótọ́. Ogún ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́, n kò tí ì rí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, ìgbéraga kò jẹ́ kí n ṣe ohun tó yẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ tí a máa dán an wò, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rọra bi mí pé kí ni òun gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa nǹkan yìí bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀. Ẹ wo àgbà tó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀! Ìdáhùn ìṣẹ́jú márùn-ún péré ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi. Ǹ bá ti mú un lọ́wọ́, ǹ bá ti fi súìṣì pupa ńlá tó ń gé agbára gbogbo bátìrì hàn án, ǹ bá ti sọ fún un pé omi àti bátìrì kì í ṣọ̀rẹ́, pàápàá omi ọ̀sà tó níyọ̀. Kí ni mo sọ? Mo ní, "Ẹ ṣáà máa wo ṣáàfù yín, Bọ̀ọ̀dá. Èmi ni mo ni ti iná." Ó ní kò burú. Mo rí i pé ojú rẹ̀ fà ro díẹ̀, mo sì bá tèmi lọ.

Ẹ̀yin náà mọ èdè wa. Iná ni èyí tó wà lábẹ́ ìkòkò, iná náà ni èyí tó wà nínú gílóòbù. Bí ìyá wa bá ní ká pa iná ká tó sùn, kò sẹ́ni tó máa gbé omi. Bí ilé bá ń jó, tí aládùúgbò pariwo pé ẹ pa iná, kò sẹ́ni tó máa wá súìṣì kiri. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti jáde la fi ń mọ èyí tó jẹ́. Àwọn tó kọ́ wa nílé ìwé kọ́ wa ní orúkọ òyìnbó fún gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá wà lórí òrùlé nídìí iṣẹ́, tí mo kígbe "Pa iná!" sí àwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́, súìṣì ni ọwọ́ wọn máa ń lọ, wọn ò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti mọ́ mi lẹ́nu débi pé n kò rántí mọ́ pé ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀ mìíràn.

Ọ̀sán ni. Lọ́yà ò tí ì dé, àwa méjì péré la wà nínú ọkọ̀ tí a so mọ́ jẹ́tì. Mo wà lẹ́yìn ọkọ̀ níbi tí wọ́n ti ń darí rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá wà nísàlẹ̀, ó kúnlẹ̀ ti ṣáàfù, bátìrì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún rẹ̀. Mo tan mọ́tọ̀, ó yí. Kò pariwo rárá, bí ẹni ń kùn lójú oorun ló ṣe ń dún. Bọ̀ọ̀dá gbójú sókè wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo fi agbára kún un. Àṣé nọ́ọ̀tì kan wà lórí bátìrì tí mo fọwọ́ lásán yí lánàá, tí mo ní n ó fi sípánà dè kí ilẹ̀ tó ṣú, tí mo sì gbàgbé. Èmi tó jẹ́ pé nọ́ọ̀tì ni wọ́n fi kọ́ mi níṣẹ́! Ibi tí kò le yẹn gbóná, rọ́bà ara wáyà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, èéfín sọ, pákó tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì ń pọ́n. Jìnnìjìnnì bò mí, n kò tiẹ̀ rántí pé kí n dá mọ́tọ̀ dúró. Súìṣì pupa wà nítòsí Bọ̀ọ̀dá, ọwọ́ tèmi ò lè tó o. Ọkọ̀ èrò méjì ń kọjá lọ pẹ̀lú ariwo ẹ́ńjìnnì wọn, kò sẹ́ni tó lè gbọ́ mi lórí jẹ́tì. Mo fi gbogbo ohùn mi ké pé, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ pa iná! Ẹ pa iná!"

Ohun tí ẹnikẹ́ni tí ìyá rẹ̀ fi èdè Yorùbá tọ́ dàgbà yóò ṣe ló ṣe. Ó rí èéfín, ó rí pákó tó ń pọ́n, ó gbọ́ pé kí òun pa iná. Garawa omi ọ̀sà tó fi ń fọwọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó gbé e, ó dà á. Ìmọ́lẹ̀ kan bù yẹ̀rì, nǹkan dún gbàmù, mo sì gbọ́ igbe ẹ̀gbọ́n mi. Kí n tó fò wọlé, kí n tó yí súìṣì, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti bó láti ìka dé ọrùn ọwọ́, ojú rẹ̀ apá ọ̀tún ti wú pa dé. Ó ń fi ojú kejì wò mí. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Ṣé ó ti kú?" Iná ló ń béèrè.

Lọ́jọ́ kejì ni Lọ́yà wá kí wa ní ọsibítù. Ìyá wa wà níbẹ̀, ìyàwó Bọ̀ọ̀dá wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá wa tó jẹ́ olórí agboolé náà wà níbẹ̀. Lọ́yà ò bínú, ó kàn béèrè bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ ni. Gbogbo wọn yíjú sí mi. Ẹ̀rù bà mí. Mo ro orúkọ mi ní Ìdúmàgbò, mo ro nọ́ọ̀tì tí n kò dè, ẹnu mi bá là fúnra rẹ̀. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá mi ni wọ́n da omi sí bátìrì, sà. Wọn ò mọ̀ pé a kì í da omi sí i." Ẹ gbọ́, irọ́ kọ́ ni. Ṣé kò da omi ni? Ṣé ó mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni? Ṣùgbọ́n òótọ́ tí a gé sí méjì, tí a gbé ìdajì rẹ̀ pamọ́, irọ́ wo ló tún burú tó o? Bọ̀ọ̀dá wà lórí ibùsùn, wọ́n ti fi báńdéèjì wé ojú rẹ̀ kan. Ó fi èyí tó ṣẹ́kù wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó wá kọjú sí ògiri. Olórí agboolé mirí, ó ní àgbà mẹkáníìkì bíi tìẹ, Mùdá.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà á tán sí ọsibítù. Ìyàwó rẹ̀ sọ ọ́ fún aládùúgbò, aládùúgbò sọ ọ́ fún ọlọ́kọ̀, kí wọ́n tó tú báńdéèjì, gbogbo Èbúté Èrò ti gbọ́ pé Mùdá da garawa omi sórí bátìrì. Ibẹ̀ ni Panápaná ti bẹ̀rẹ̀. Ojú rẹ̀ là padà, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọwọ́ ni kò padà sípò. Awọ àtẹ́lẹwọ́ náà le, ó fa ìka mẹ́ta jọ, kò mọ òtútù yàtọ̀ sí ooru mọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọwọ́ yẹn ló lé àwọn oníbàárà lọ, torí ó lè dúró kí ó máa júwe kí ẹlòmíràn máa bá a ṣe é. Orúkọ ló lé wọn. Ta ni yóò gbé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fún ẹni tí wọ́n ń pè ní Panápaná?

Èmi ńkọ́? Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Lọ́yà ra bátìrì mìíràn, mo parí iṣẹ́ náà, ìyàwó rẹ̀ ti padà sínú ọkọ̀, ó ń gbafẹ́ láìgbọ́ òórùn dísẹ̀lì. Ọkọ̀ náà ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, torí ṣáàfù tí ẹ̀gbọ́n mi fi àtẹ́lẹwọ́ tò kò tí ì gbọ̀n títí dòní. Kò sẹ́ni tó béèrè ẹni tó tò ó. Àwọn ọ̀rẹ́ Lọ́yà rí i, wọ́n ń wá mi kiri, wọ́n ní obìnrin kan wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó tó ń sọ ọkọ̀ oní-dísẹ̀lì di oníná.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, olórí agboolé pe ìpàdé lọ́jọ́ Àìkú kan. Ó ní kò dára kí ṣọ́ọ̀bù bàbá wa wà ní títì nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ń wá àyè létí omi, kí Mùdá yọ̀ǹda rẹ̀. Ìyá wa ń sunkún. Mo mọ̀ pé àsìkò ti tó, gbólóhùn kan péré ló kù kí n sọ. Bọ̀ọ̀dá dìde, ó fi ọwọ́ òsì yọ kọ́kọ́rọ́ nínú àpò jalabíà rẹ̀, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó ní kí Ọlọ́run fi ìbùkún sí i. Gbogbo ilé ṣe àmín. Mo kúnlẹ̀, mo gbà á, mo sì dúpẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, mo dúpẹ́!

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo bá Bọ̀ọ̀dá lẹ́nu ọ̀nà. Ó mú ìwé kékeré kan àti bírò dání. Ó ní jíjókòó sílé ti sú òun, pé bí kò bá ni mí lára, òun fẹ́ wá kọ́ iṣẹ́ iná lọ́dọ̀ mi. Mo rò pé ó ń ṣẹ̀fẹ̀ ni. Kò ṣẹ̀fẹ̀ rárá. Ó jókòó sórí àpótí pẹ̀lú àwọn méjì tó ń bá mi ṣiṣẹ́, àwọn obìnrin tí ó lè bí lọ́mọ, ó ń fi ọwọ́ òsì kọ ohun tí mo ń sọ sílẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ rí wọ́gọwọ̀gọ. Nígbà tí mo dé orí súìṣì pupa, tí mo ń ṣàlàyé pé ibẹ̀ ni ọwọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ bí nǹkan bá yíwọ́, ó nawọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé. Ó ní, "Àbúrò mi, lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ kí n yí èyí, kí ni mo máa gbọ́ lẹ́nu rẹ?"

Kò gbóhùn sókè, kò sì fi ṣe ẹ̀sín. Bí ẹni tó kàn fẹ́ mọ̀ ló ṣe bi mí. Àwọn méjèèjì tó kù ń wò mí, wọn ò mọ ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Èmi mọ̀ ọ́n. Ó ti mọ̀ láti ọjọ́ tó wà lórí ibùsùn pé súìṣì ni mo ń kígbe pé kó pa, oṣù mẹ́sàn-án ló ti fi gbé e mì. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí n ti wólẹ̀ fún un. Kí ni mo ṣe? Mo ní, "'Gé e' ni kí ẹ máa gbọ́, Bọ̀ọ̀dá." Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Wọ́n ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ẹ wò mí o, èmi tí mo ṣu kò gbàgbé, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó kó o kò gbàgbé, àwa méjèèjì sì jọ ń kí ara wa káàárọ̀ lójoojúmọ́. Bí orúkọ tèmi bá máa bàjẹ́ nítorí òótọ́, kó bàjẹ́, torí n kò lágbára àtigbé e mọ́. Ohun tí n kò mọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń dá orúkọ padà fún olórúkọ. Ṣé inú agboolé ni kí n ti sọ ọ́ ni, níwájú ìyá wa tí ara rẹ̀ ò le, àbí etí omi, níwájú àwọn tó ń fi í rẹ́rìn-ín? Òun tó fi gbogbo oṣù wọ̀nyí bò mí láṣìírí, bí mo bá tú u, ṣé òun ni mo ń wẹ̀ mọ́ ni, àbí mo kàn ń wá ẹni tí yóò bá mi ru ẹrù mi? Ẹ̀yin tí ẹ ń bá ẹ̀gbọ́n yín ṣiṣẹ́, bí ó bá rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ bi yín léèrè ọ̀rọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá a lóhùn. Ní tèmi, agogo mẹ́jọ ni Bọ̀ọ̀dá máa ń dé láràárọ̀, kò pẹ́ rí. Ẹ bá mi sọ ohun tí n ó ṣe kó tó dé.